Ẹ Sọ fún Màmá Pé Ó Ti Ń Bọ̀

Ẹ má tíì bú u. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí ẹ wá bú u tó bó ṣe wù yín. Òun fúnra rẹ̀ ti bú ara rẹ̀ títí tí èébú fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ìdí máṣíìnì rẹ̀ ló wà tó fi rò ó fún mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ máṣíìnì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ. Ó ní kí n kọ ọ́ síta kí àwọn obìnrin tó ń bá ọkọ wọn di fóònù mú lè kà á. Ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì akérò láti ìlú dé ìlú. Jẹ́jẹ́ ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ẹ lè fi ọkùnrin náà ṣe tí yóò fi sáré. Bí èrò bá ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú, á ní, "Ẹni tó bá ń kánjú, kó bọ́ sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn. A ó bá a níwájú." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, kò sì ní yí ìwà padà.

Kì í ṣe ojo o. Bàbá rẹ̀ ló kú sínú mọ́tò ẹlòmíì. Awakọ̀ tó gbé bàbá gbé fóònù sétí, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lọ tààrà. Láti ọjọ́ náà ni Jẹ́jẹ́ ti búra pé bí ọwọ́ òun bá ti kan sítíárìn, òun kò ní fọwọ́ kan fóònù mọ́. Ẹni tó bá jókòó ti òun ni yóò bá òun dì í mú, òun náà ni yóò máa dáhùn. Bí òun bá dúró níbì kan, ẹni náà á jíṣẹ́ fún òun.

Ìyá rẹ̀ náà búra tirẹ̀. Màmá ní òun kò tún ní gbé ẹsẹ̀ sínú mọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́ láyé, àfi ti ọmọ òun. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Bó bá fẹ́ lọ sọ́jà, ẹsẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ kí ìbátan, ẹsẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jìn, á dúró di ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá wálé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbúra méjèèjì yìí sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Aránṣọ kò kórìíra ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò rí ọkọ rẹ̀ bá gbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ọkọ, ilé sì ti dákẹ́ rọ́rọ́. Bí Jẹ́jẹ́ bá gba ìsinmi, ilé Màmá lá ti lò ó tán. Á kan fèrèsé, á yẹ òrùlé wò, á gbé Màmá lọ síhìn-ín, á gbé e lọ sọ́hùn-ún. Bó bá fi máa padà sọ́dọ̀ ìyàwó, oorun ti kún ojú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti di ẹrù láti rìnrìn àjò ìgbafẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Màmá ṣàìsàn. Ti àkọ́kọ́, ó ní orí. Ti ìkejì, ó ní orúnkún. Ti ìkẹta, ó ní òtútù ń mú òun. Wọ́n tú ẹrù palẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, Màmá ti dìde, ó ń gbálẹ̀ ìta.

"Àìsàn Màmá gbọ́n o," aránṣọ wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. "Ó mọ ọjọ́ tí ìsinmi bọ́ sí ju ọ̀gá ọkọ mi lọ."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ náà lọ tán, ó sunkún.

Ìgbà tó yá, Jẹ́jẹ́ ní lọ́dún yìí, bó le bó rọ̀, òun yóò mú ìyàwó òun lọ wo aṣálẹ̀. Ó ti máa ń ròyìn rẹ̀ fún un pé òkìtì iyanrìn wà níbẹ̀ tó ga ju ilé alájà lọ, pé ojú ọ̀run ibẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹnu ènìyàn á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tún mọ́tò àtijọ́ wọn ṣe, ó to kẹ́ẹ̀gì omi sínú búùtù. Aránṣọ rán aṣọ funfun kan fún ara rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń rán aṣọ ìrìn àjò fún ẹlòmíì.

Wọ́n yà kí Màmá láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Ó jókòó sórí àga onígi rẹ̀ níwájú ilé.

"Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire," ni Màmá wí. "Ìyàwó mi, bá mi mójú tó ọmọ mi. Kó má sáré o."

"Ah, Màmá! Ọmọ yín náà ló ń sáré? Ìgbín tó kọjá lára wa láàárọ̀ ti délé."

Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Ó fi etí aṣọ bo ẹnu, ó yíjú sẹ́yìn kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí i. Jẹ́jẹ́ kò rí i lóòótọ́, ó ń wo táyà. Aránṣọ rí i. Kò sọ nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe jókòó sínú mọ́tò, Jẹ́jẹ́ na fóònù rẹ̀ sí i. "Gbà. Ìwọ ni kọndọ́ mi."

"Kọndọ́ tó rẹwà báyìí, ṣé ẹ ti ní irú rẹ̀ rí?"

"Rárá o. Ti ibi iṣẹ́, irùngbọ̀n ló kún àgbọ̀n rẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Igi ń kéré sí i, ilé ń jìnnà síra. Nígbà tó yá, kò sí koríko mọ́, àfi igbó ẹlẹ́gùn-ún ganganran. Títì ọ̀dà gùn lọ bí okùn aṣọ tí ẹnì kan na sílẹ̀. Iyanrìn ń rìn kọjá lórí títì, Jẹ́jẹ́ á dẹwọ́ fún un bí ẹni tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà kọjá. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sùn sí, bẹ́ẹ̀dì irin ló wà níbẹ̀, omi ẹ̀rọ ń kán tó, tó. Aránṣọ ní òun kò sun oorun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí òun ti lọ sílé ọkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fóònù dún.

Ilé epo kan ni wọ́n wà, òun nìkan ló dá dúró láàárín iyanrìn. Jẹ́jẹ́ wà lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta. Aránṣọ wo ojú fóònù. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ni, èyí tó ń bá Màmá gbé. Eyínmẹ́nugún ni aránṣọ máa ń pè é.

"Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà lábẹ́ mọ́tò. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀. Àyà ń dun Màmá. Wọn ò lè mí dáadáa. Dókítà tó wá wò wọ́n ní ká gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá kíákíá, ẹ sì mọ Màmá, wọn ò ní wọ mọ́tò ẹlòmíì."

Aránṣọ gbójú sókè. Ó ti rí òkìtì iyanrìn náà lókèèrè, ó pupa rẹ́súrẹ́sú nínú oòrùn. Ọ̀la ni wọn yóò gùn ún. Ó ní bí òun ṣe ń wò ó, òun ń ka àìsàn Màmá lọ́kàn. Orí. Orúnkún. Òtútù. Ó wá kan àyà báyìí! Ó ní òun rí bí ọkọ òun yóò ṣe jáde lábẹ́ mọ́tò, tí kò ní fọ ọwọ́ rẹ̀ pàápàá, tí yóò yí orí mọ́tò padà. Òun rí aṣọ funfun nínú báàgì, tí òun kò tíì wọ̀.

Ọjọ́ kan péré. Ṣé ọjọ́ kan pọ̀ jù fún obìnrin nílé ọkọ rẹ̀?

Bí ó bá ní kò lè ṣeé ṣe, Eyínmẹ́nugún yóò tún pè, yóò tún pè. Ó ń wá ohun tí yóò mú kí fóònù náà dákẹ́ di ọ̀la.

"Mo ti sọ fún wọn," ni ó wí. "Wọ́n ní àwọn ti ń bọ̀. Ẹ sọ fún Màmá pé ó ti ń bọ̀."

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́, ó ti fọ́.

"Ta ló pè?" Jẹ́jẹ́ bi í láti abẹ́ mọ́tò.

"Iléeṣẹ́ fóònù ni jàre. Wọ́n ní a jẹ ẹ̀bùn."

"Olè ni wọ́n. Má dá wọn lóhùn."

Ó rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá nu ìpè náà kúrò lójú fóònù.

Mo bi í léèrè. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o mọ ìbúra ìyá yìí. Ṣé o ò mọ̀ pé yóò dúró dè é ni?" Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun rò pé tó bá di ọjọ́ kejì, Màmá á dìde, á máa gbálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ funfun. Jẹ́jẹ́ fà á lọ́wọ́ gun òkìtì iyanrìn, ẹsẹ̀ wọn ń rì, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n dókè, kò sí ilé, kò sí igi, kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú láti àárọ̀.

Jẹ́jẹ́ jókòó, ó ń gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà rẹ̀. "Mo ti fìyà jẹ ẹ́," ni ó wí lójijì. "Ó yẹ kí n ti mú ẹ wá tipẹ́. Mo máa ń rò pé ilé lo wà, pé kò séwu. Mi ò rò ó pé o dá nìkan wà."

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí ti ń retí láti àìmọye ọdún nìyẹn. Ó ní bí ó ṣe wọ etí òun báyìí ni ó korò.

"Wọ́n pè wá láti ilé?" ọkọ rẹ̀ tún bi í.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kó ti sọ ọ́. Ó ti lanu. Jẹ́jẹ́ sì ń wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

"Rárá," ni ó wí.

"Kò séwu nìyẹn. Bí nǹkan bá ṣe Màmá, àbúrò mi á ti pè."

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dé abúlé kékeré kan. Jẹ́jẹ́ bọ́ sílẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì jí, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tí wọ́n ń lù.

"Ìyàwó wa! Ibo lẹ dé? Kí ló dé tí a ò rí yín bá sọ̀rọ̀?" Ẹkún ti wà lóhùn Eyínmẹ́nugún. "Kápẹ́ńtà àdúgbò gbé mọ́tò rẹ̀ wá, ó ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Màmá ní kó gbé e padà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti wà lọ́nà. Wọ́n ní ká gbé àga àwọn síta, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Wọn ò lè mí, Ìyàwó! Ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní fóònù. Kí wọ́n kàn ní kí Màmá wọ mọ́tò kápẹ́ńtà. Tí Màmá bá gbóhùn wọn, wọ́n á wọ̀ ọ́."

Aránṣọ rí ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, búrẹ́dì lábẹ́ apá, tó ń bá oníṣọ́ọ̀bù ṣàwàdà. Ẹsẹ̀ díẹ̀ péré ló kù kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá na fóònù sí i, Màmá á wọ mọ́tò. Bó bá na fóònù sí i, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun á jáde.

"Wọ́n ń wakọ̀," ni ó wí.

Ta ni kò mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ kì í fọwọ́ kan fóònù bó bá ń wakọ̀? "Ó dáa," ni Eyínmẹ́nugún wí. "Mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀."

Aránṣọ pa fóònù náà. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bátìrì ti kú.

"Ara mi ò yá," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ìwọ tó ti ń fi ìrìn àjò yìí yọ mí lẹ́nu láti ìgbà ìwáṣẹ̀?" Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó sì yí orí mọ́tò padà.

Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tí kì í sáré, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i," ni aránṣọ ń wí. "Èmi?" ni ó ń dáhùn. "Ilé ò sá lọ." Atẹ́gùn gbé iyanrìn dí ojú ọ̀nà, wọ́n ní láti dúró kí ó rọlẹ̀. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Jẹ́jẹ́ rò pé inú ló ń run ún. Ó da omi tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì sí aṣọ, ó fi ń nu ọrùn rẹ̀, ó ń ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. A ó délé. Màmá á po nǹkan gbígbóná fún ẹ." Aránṣọ ní ìwà rere yẹn ló dun òun jù nínú gbogbo rẹ̀, títí di òní.

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó bá ara rẹ̀ sọ pé ní ilé epo tó ń bọ̀ ni. Wọ́n dé ibẹ̀, ó ní ó di èyí tó tún kàn. Bó ṣe ń sún un síwájú nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ilẹ̀ fi mọ́, tí wọ́n fi wọ ìlú.

Jẹ́jẹ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Màmá.

Àwọn ènìyàn dúró níwájú ilé. Kápẹ́ńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orí mú. Àga onígi náà wà níta, ó kọjú sí ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Bàtà Màmá wà nísàlẹ̀, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà.

Jẹ́jẹ́ kò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ sílẹ̀. Eyínmẹ́nugún jáde láti inú ilé, kò dì mọ́ ọn. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló pẹ́ yín tó báyìí? Àárọ̀ yìí ni wọ́n dákẹ́. Orí àga yẹn náà ni. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ti ní ẹ ń bọ̀!"

"Ta ló ní mò ń bọ̀?"

"Ẹ̀yin. Ẹ rán ìyàwó yín sí wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lánàá náà, mo bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní fóònù, ó ní ẹ ń wakọ̀."

Wọ́n ní irọ́ á lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tirẹ̀ ò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Jẹ́jẹ́ yíjú padà. Aránṣọ ṣì wà nínú mọ́tò, iyanrìn ṣì wà létí aṣọ funfun rẹ̀, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rìn padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí ojú fèrèsé. Kò pariwo. Aránṣọ ní ohùn tó fi bi òun kéré débi pé òun nìkan ló gbọ́.

"Ẹ̀bùn wo ni wọ́n ní a jẹ?"

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀, ó sì wọlé lọ sọ́dọ̀ òkú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ rò pé ó lù ú? Kò lù ú. Kò lé e. Ì bá dáa bó bá lé e. Aránṣọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó yí nílẹ̀, ó bẹ àwọn àgbà kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà wá. Jẹ́jẹ́ fún wọn lómi mu, ó ní òun ti gbọ́, ó sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá wọ ìlú, yàrá Màmá ló ń sùn. Ó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sílé láìyẹ̀.

Eyínmẹ́nugún wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé àga onígi náà lé orí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà aránṣọ. Kò pè é ní Ìyàwó mọ́. "Gbà," ni ó wí. "Ìwọ náà jókòó dè é."

Orí àga yẹn ló jókòó sí tó fi ń ránṣọ. Mo ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ̀.

Nígbà tó rò ó tán, ó gé òwú, ó mú fóònù tirẹ̀, ó sì pe nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ níṣojú mi. Ó dún títí. Ẹnì kan gbé e, ohùn ọmọbìnrin kan ni, ariwo ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èrò tó jókòó níwájú ni, kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán mà. Wọ́n ń wakọ̀ o. Àwọn ni wọ́n ní kí n bá àwọn di fóònù mú."

"Ẹ bá mi bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wálé."

A gbọ́ tí ọmọ náà ń bi í léèrè. A kò gbọ́ èsì. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ padà, ó dùn, ó lọ́yàyà.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti ń bọ̀, mà."

"Ẹ ṣé," ni aránṣọ wí.

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Mo ní ó dáa náà, ọkọ rẹ̀ ní òun ń bọ̀. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Ojoojúmọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí, ó sì ti ẹsẹ̀ bọ máṣíìnì padà.